Ẹni Tí Ó Ń Gbé Àwo Fún Wa, Òṣìṣẹ́ Ẹlẹgbẹ́ Wa Ni

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo bá wá lónìí, oúnjẹ tí à ń lọ jẹ níta nígbà tí owó oṣù bá wọlé.

Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Onípánù ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá olóúnjẹ kò tíì kúrò nídìí ìkòkò rẹ̀, bíàpálọ̀ kò sì tíì ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ òyìnbó tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù ti di ibi tí mẹ̀kúnnù náà ń yà sí. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ní Èkó, hòtẹ́ẹ̀lì ńlá ni yóò lọ, owó òṣìṣẹ́ kò sì ká a. Ní 1986 ni ilé-iṣẹ́ UAC dá Mr Bigg's sílẹ̀, tí míìtì páì sì di ohun tí ọmọ òṣìṣẹ́ ń retí lọ́jọ́ ọdún. KFC ti Amẹ́ríkà dé ní 2009, Domino's tí ń ta pizza tẹ̀ lé e ní 2012. Ṣáwámà tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Lẹ́bánónì wá ti di ohun tí ọmọ Bàrígà ń tà lẹ́bàá títì.

Àwọn kan nínú wa ń sọ pé ìnákúnàá ni kí òṣìṣẹ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó fi oṣù kan gbáko dúró nídìí ẹ̀rọ, tàbí tí ó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú aya àti ọmọ jókòó nínú afẹ́fẹ́ tútù kí wọ́n jẹ adìẹ díndín, bí agbára rẹ̀ bá gbé e. Ẹjọ́ tí mo ní kì í ṣe lórí ohun tí à ń jẹ. Ìwà tí à ń hù sí ẹni tí ń gbé e fún wa ni.

Ẹ wò ó. Òṣìṣẹ́ tí alábòójútó fi ọ̀rọ̀ gún lára ní fákítọ̀rì láàárọ̀, òun kan náà ni yóò jókòó lálẹ́ tí yóò máa pòṣé, tí yóò máa ta ìka sí ọmọ ọlọ́mọ: “Ìwọ! Ṣé o ń sùn ni?” Ó ti gbàgbé pé ọmọ náà ti wà lórí ìdúró láti àárọ̀. Ó san owó oúnjẹ, ó rò pé òun ti ra ènìyàn mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀, ìyà tí ń jẹ wọ́n kò yàtọ̀ sí tiwa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ àti ilé ọtí láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí àwo bá fọ́, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Bí oníbàárà bá jẹun tán tí ó sá lọ, ọmọ tí ó gbé oúnjẹ fún un ni yóò san án. Káṣúà ni orúkọ rẹ̀ ní fákítọ̀rì, káṣúà náà ni níbẹ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ohun tí agbanisíṣẹ́ bá ṣe gbé ní ilé oúnjẹ, yóò gbé e wá sí ibi iṣẹ́ tiwa.

Òfin kò sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, èyí tí à ń pè ní Labour Act. Ẹsẹ 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ bí iṣẹ́ àti owó rẹ̀ ṣe rí, kí oṣù 3 tó kọjá. Ẹsẹ 5 kò gbà kí wọ́n yọ owó ìtanràn nínú owó iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó fi àìbìkítà bà á jẹ́, wọn kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé aṣojú ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹsẹ 13 ní kí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí 1, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi 1 nínú ọjọ́ 7.

Ṣùgbọ́n òfin ní ihò pẹ̀lú. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Òfin ọdún 2019 tí ọ̀rọ̀ náà dúró lé kò kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25. Ilé ọtí mélòó ní Ṣómólú ni ó ní òṣìṣẹ́ 25? Ihò yìí ni àwọn ọ̀gá ń gbà jáde.

Kí ni kí a wá ṣe? Ìkíní, ẹ jẹ́ kí a máa kí wọn kí a tó béèrè oúnjẹ. “Ẹ kú iṣẹ́” kì í náni lówó. Ìkejì, ẹ̀bùn tí a bá fẹ́ fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi lé ẹni tí ó sìn wá lọ́wọ́, kí ó má bàa di ti ọ̀gá. Ìkẹta, bí oúnjẹ kò bá dára, máníjà ni kí a pè, òun ni àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹrin, tí ó ṣe pàtàkì jù, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pé wọ́n ní ẹgbẹ́. National Union of Hotels and Personal Services Workers, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ, ń bẹ lábẹ́ NLC. Ẹsẹ 9 nínú Òfin Iṣẹ́ kò sì gbà kí agbanisíṣẹ́ sọ pé ẹni tí òun bá gbà síṣẹ́ kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́.

Ọmọ tiwa ni wọ́n. Ọmọ awakọ̀ tí ó ń dúró de ilé-ìwé gíga ni ó ń nu tábìlì yẹn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: wọ́n nílò ìmọ̀ ẹgbẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa, àwa náà sì nílò kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n já owó iṣẹ́ wálẹ̀.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, ẹ lọ jẹun, ẹ gbádùn ara yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó gbé àwo wá mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni ó jókòó síwájú òun. Ìṣọ̀kan ni agbára wa.