Ọ̀rọ̀ Orí Ibùsùn Ọsibítù Kì í Ṣe Ìjẹ́wọ́ Àjẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ẹ gbé ìyá tàbí bàbá yín lọ fún iṣẹ́ abẹ, tí dókítà ní kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé, kí ni wọ́n sọ pé ó lè ṣẹlẹ̀? Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ lè dà jù. Wọ́n á ní ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀. Wọ́n á tilẹ̀ ní ẹni náà lè kú. Ta ni wọ́n wá sọ fún nínú yín pé iṣẹ́ abẹ lè yọrí sí rere, kí màmá sì jí ní ọjọ́ kejì kó má mọ ọmọ tó bí mọ́? Èmi ò tíì rí ẹnì kankan. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, n kò sì ní fi bò.

Ní Kàbà níbi tí wọ́n gbé bí mi, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Kí o tó wọ àgbàlá rẹ̀ tán ni yóò ti kí ọ ní "Òkun o," kíkí tí wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. A gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, ẹ má gbàgbé èyí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn omi tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́ tu. Ó ní ewúrẹ́ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó ké: "Èmi ni mo pa á! Èmi ni mo pa ọmọ náà!"

Wọ́ọ̀dù pa lọ́lọ́. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í ti sin ọmọ kan ní ọdún méjì ṣáájú. Ẹ ò ní í bi mí ní ohun tó rò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé Kàbà: Ìyá Àgbà ti jẹ́wọ́. Ọmọ tó ń sanwó ò yọjú mọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí ńkọ́, ṣé kí n purọ́ fún yín? Èmi náà sún àga mi sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ó wò yíká, ó ní, "Àwọn yòókù dà? Àbí wọn ò gbọ́ pé mo yè?" Ìgbà tí mo fi ọgbọ́n bi í nípa ọmọ ni mo tó mọ̀ pé àkọ́bí tirẹ̀ ni, tí ibà gbé lọ kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òun ò tètè gbé e lọ sí dípẹ́ńsárì. Láti ìgbà náà ló ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Nǹkan tó ṣe é ní orúkọ. Delirium ni àwọn dókítà ń pè é, wọ́n sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń dé. Yóò dé, yóò lọ, yóò tún padà. Alẹ́ ló máa ń le jù. Àwọn tó ti lé ní ọdún 65 ló máa ń mú jù, pàápàá ẹni tí egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ẹni tí ìgbàgbé ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ojú tàbí etí rẹ̀ ò dáa. Ìrora ń fà á, òùngbẹ ń fà á, ìtọ̀ tó há, àìsùn, kòkòrò àrùn, àti àwọn oògùn kan bíi Fáálíọ̀mù tí wọ́n ń fún àgbàlagbà kó lè sùn. Kì í sì ṣe gbogbo wọn ló ń pariwo o. Òmíràn á kàn dákẹ́, á máa wo òrùlé, àwa á ní ó ń sinmi.

Èyí tó ń rọra wá tún wà: ẹni náà ti délé, ọgbẹ́ ti jinná, ṣùgbọ́n kò lè ṣírò ṣéńjì mọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láti ọdún 1955 ni Dókítà Bedford ti kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Lancet nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1998, ìwé ìròyìn kan náà gbé ìwádìí jáde lórí 1,218 ènìyàn tó ti tó ọgọ́ta ọdún sókè, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọpọlọ bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ò ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá. Ẹnì kan nínú mẹ́rin! Ṣé ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́ fún ènìyàn nìyẹn?

Mo bá dókítà kan fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní bí àwọn bá sọ ọ́, ẹ̀rù á ba aráàlú, wọ́n á sá padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Háà! Ẹ sọ fún wa pé a lè kú, a ò sá. Ṣé orí tó máa dàrú fún ọjọ́ mẹ́rin ló máa wá lé wa? Ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún á pe nọ́ọ̀sì. Ẹni tí wọn ò kìlọ̀ fún á pe wòlíì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti 2014 sì ti pa á láṣẹ pé kí wọ́n sọ ewu ìtọ́jú fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n sì wo bó ṣe mọ̀wé tó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù tí Ìyá Àgbà tẹ̀ka sí.

Wọ́n á tún máa lé wa jáde ní wọ́ọ̀dù bí ẹni lé adìẹ. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ò tó, pé ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣọ́ ogún bẹ́ẹ̀dì lóru. Ìdí tí ẹ fi nílò wa gan-an nìyẹn! Ní Aro, l'Abẹ́òkúta, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ní kí ìbátan máa bá alárùn ọpọlọ gbé ní abúlé tó yí ọsibítù ká. Ní Amẹ́ríkà, Dókítà Sharon Inouye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 1999, lórí 852 arúgbó tó wà ní ọsibítù. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ló gbé àwọn yẹn débẹ̀, àmọ́ àrùn orí kan náà ni. Wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n wà fún wọn, wọ́n ń fún wọn lómi, wọ́n ń gbé awò ojú wọn fún wọn, wọ́n ń mú wọn rìn, wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n sùn. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí mẹ́wàá ni orí wọn dàrú. Lára àwọn tí wọn ò ṣe é fún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ bíbí inú ẹni wà lẹ́nu ọ̀nà, géètì ni wọ́n tì mọ́ ọn.

Ẹ̀bi àwa náà ò kéré. Bí bàbá bá ń mu ògógóró lálaalẹ́, a ó fi pamọ́ fún dókítà. Bí màmá bá ti ń gbàgbé orúkọ ọmọ-ọmọ, a ó ní ogbó ni. Ẹ sọ ọ́ o! Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi wọ́n: orí rẹ̀ ńkọ́? Bó bá ń sọ kántankàntan lóru, ta ni kí n pè? Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dáhùn.

Ìyá Àgbà ṣì wà ní Kàbà, ó ń fi ọ̀pá rìn. Mo ti ṣàlàyé títí ẹnu bó mi. Ọmọ rẹ̀ ti ń fi owó ránṣẹ́ padà, ṣùgbọ́n bí ó bá di ọjọ́ ọjà, òdìkejì títì ni ìyàwó ọmọ náà ṣì ń gbà kọjá, tòun ti àwọn ọmọ.