Gbígba Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ Nìkan Kò Tó

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, Pedro ni èmi àti ìdílé mi sì ń gbé.

Nígbà tí ìjọba Èkó ti gbogbo ilé ìwé pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, àwa òbí fúnra wa la gbé fóònù lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa fi kàwé. Ilé ìwé ti ṣí tipẹ́, ṣùgbọ́n fóònù ò padà sọ́wọ́ wa mọ́. Kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní ilé tèmi, ariwo nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pa: "Bí mo bá rí ìsọkúsọ nínú fóònù yẹn, màá fọ́ ọ mọ́lẹ̀!"

Ariwo yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa dé ibi tí kò dáa. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ilé ìwé bá ọmọbìnrin mi ṣọ̀rẹ́ lórí Facebook. Ọmọ fi àwòrán kan tí kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó di pé bí kò bá sanwó, gbogbo ayé ni yóò rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń mú nínú owó ọjà ìyá rẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní: "Ẹ̀rù yín ló ń bà mí, Dádì. Ẹ ti ní ẹ máa fọ́ fóònù mọ́lẹ̀." Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má pe èyí ní eré ọmọdé. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀mí ara rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí àwọn tó díbọ́n bí ọmọbìnrin lórí Instagram fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Èkó ńbí ni wọ́n jókòó sí ṣe é: Samuel àti Samson Ogoshi, tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní 2023. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, adájọ́ sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún 17 àbọ̀. Ilé méjì ló dàrú.

Ọmọ tí a kò kọ́ lè di ẹni tí wọ́n ń lù ní jìbìtì, ó sì lè di ẹni tó ń lu èèyàn. Láti ọdún 2015 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n?

Àbá mi nìyí. Ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́, táímùsì tébù ló máa ń wà níbẹ̀. Kí àwọn ilé ìwé jẹ́ kí àwa atẹ̀wé tẹ òfin mẹ́rin mọ́ ọn, kí olùkọ́ sì máa kà á pẹ̀lú wọn. Má sọ páásíwọ́ọ̀dù rẹ fún ẹnikẹ́ni. Má fi àwòrán tí ìyá rẹ kò gbọdọ̀ rí ránṣẹ́, má sì fi ti ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Má dá lọ pàdé ẹni tó jẹ́ pé orí fóònù nìkan lo ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọ, má sanwó, má pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́, sáré sọ fún àgbà.

Òfin karùn-ún, tiwa òbí ni: bí ọmọ bá wá sọ, ká gbọ́ tán ká tó bínú. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ ká fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀.



Bàbá Ọlọ́mọ,
Pedro, Èkó.