Ìdánwò Lọ́wọ́, Ìwáṣẹ́ Lọ́wọ́

 Ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó ní Ìlú Ọba yìí ló ń sọ pé àwọn yóò kọ́kọ́ yege tán ní ACCA kí àwọn tó wáṣẹ́. N kò fara mọ́ ọn. Ìdánwò nìkan kọ́ ní í sọni di ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n á tún bèèrè oṣù 36 lẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò owó. Òru tí a fi ń ṣọ́ àwọn arúgbó kò sí nínú rẹ̀ o.

Ṣùgbọ́n èyí tí a ti ṣe nílé, l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, lè wọ inú oṣù 36 náà, bí ọ̀gá tí a ṣe é lábẹ́ rẹ̀ bá jẹ́rìí sí i. Èyí tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN ló dára jù. Ẹ tètè kọ̀wé sí i kí ó tó fẹ̀yìn tì. (Àwọn ọ̀gá wa kì í yára fèsì, ẹ̀yin náà mọ̀.)

Bí ilé iṣẹ́ bá wá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ ìdánwò gan-an, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa lọ bá wọn. Owó ìdánwò tó ṣòfò yóò dunni, ṣùgbọ́n oṣù 3 péré ni òmíràn yóò tún dé.