KỌ̀ǸPÚTÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ EMÁJẸ́ŃSÌ: TA NI WỌ́N MÁA KỌ́KỌ́ DÁ LÓHÙN?

 

Wọ́n ń pariwo ọgbọ́n àtọwọ́dá káàkiri. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló máa wo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà emájẹ́ńsì, tó sì máa sọ ẹni tí dókítà yóò kọ́kọ́ tọ́jú. Ó dùn gbọ́ létí. Èmi ò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá, fóònù ni mo fi ń kọ èyí. Àmọ́ mi ò gbà kó ṣáájú nọ́ọ̀sì dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Kọ̀ǹpútà kì í dá gbọ́n. Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ní 2019, Ziad Obermeyer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ irú ẹ̀rọ kan wò ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń mú àwọn tó nílò àfikún ìtọ́jú. Owó tí wọ́n ti ná lórí ènìyàn ló fi ń díwọ̀n àìsàn! Ẹni tí wọn ò náwó lé lórí, ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe di ẹni ẹ̀yìn nìyẹn, pẹ̀lú àìsàn tó le ju ti àwọn tí wọ́n mú. Wọ́n ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, àwọn aláwọ̀ dúdú tó máa rí ìrànlọ́wọ́ náà á kúrò ní 17.7, á di 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Àyà ń dun ìyá kan ní Ìdúmọ̀tà, òógùn bò ó. Wọ́n ní kó ra káàdì, kó san dìpọ́sìtì. Kò ní. Ó yà sí kẹ́mísìtì, ó mu àgbo, ó lọ sùn. Ibo ni àkọsílẹ̀ tirẹ̀ wà? Àwọn tó rówó san nìkan ni kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi ìwé wa kọ́ máa mọ̀.

Àgbà tiwa náà ńkọ́? Ikú ì báà dé ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n bá ní báwo ni ara, "A dúpẹ́" ló máa sọ. Bó bá ní "ọkàn mi ń já", nọ́ọ̀sì tó gbọ́ èdè wa á yára di ọwọ́ rẹ̀ mú, á ka bí ọkàn ṣe ń lù.

Ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi àwọ̀ ya aláìsàn sọ́tọ̀: pupa, ọsàn, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Wọ́n á wo èémí, ìlùkìkì ọkàn, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìwé kan ṣoṣo tó fún un, kò gba kọ̀ǹpútà.

Òfin sì ti wà. Òfin Ìlera 2014, abala 20, ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọdọ̀ kọ ẹni tó wà ní pàjáwìrì fún ìdí kankan. Ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń náwó lé ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ mú òfin yìí ṣẹ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́, bí àwọn aṣojú wa ní Aláùsá bá tún wá bá yín ṣèpàdé, ẹ bi wọ́n: ní aago méjì òru, nọ́ọ̀sì mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà emájẹ́ńsì wa, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè owó?