Ẹ má di ẹ̀bi ẹ̀tù tútù ru àjẹ́



Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi. Bí ìbọn ṣakabùlà bá kọ̀ níbi ìsìnkú àgbà, kíá la ó gbọ́ pé ayé ló dè é. Àjẹ́ ké lánàá, ìbọn kọ̀ lónìí! Rárá o.

Níbo ni ẹ̀tù sùn mọ́jú? Inú ọ̀rá tó ti lu, lásìkò òjò. Ẹ̀tù tó fa omi kì í gbiná dáadáa. Èérí tí ẹ̀tù àná fi sílẹ̀ nínú ìbọn tí a kò fọ̀ náà ń fa omi, ó sì ń dí ihò tí iná ń gbà wọlé. Òróró tí a kò nù kúrò kí a tó kì í ń ba ẹ̀tù jẹ́. Èwo ni ti àjẹ́ níbẹ̀?

Ẹ lè ní olùkọ́ ilé-ìwé Faransé ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa ọdẹ? Ó dáa. Ẹ bi àgbà ọdẹ bóyá ó ń gbé ẹ̀tù rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ẹni tó gbà pé àjẹ́ ni kì í dúró. Á yọjú wo ẹnu ìbọn, tàbí kó tún bu ẹ̀tù sí i. Iná sì lè ṣì wà nínú rẹ̀! Ẹ kọ ẹnu ìbọn síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ dúró, ó kéré tán ìṣẹ́jú kan, kí ẹni tó mọṣẹ́ tó fọwọ́ kàn án.

Ìbọn tó kọ̀ ṣeé tún ṣe. Ojú tó fọ́ ńkọ́?