Ǹjẹ́ Ìrìn-àjò Ọlọ́jọ́ Kan Wúlò fún Akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Bath. Ìwẹ̀ gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé máa ń wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀, wọn a sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní owó ṣòfò ni. Wọ́n ní ọjọ́ kan kò tó láti kọ́ ohunkóhun. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí mi sì nìyí.

Èkíní, ohun tí a bá fi ojú rí kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ní ìlú Bath, omi gbígbóná ń sun láti inú ilẹ̀ tọ̀sán-tòru, ẹnikẹ́ni kò sì dáná sí i. Òjò tí ó rọ̀ láyé àtijọ́ ni ó wọ inú àpáta lọ. Ooru ìsàlẹ̀ ilẹ̀ mú un gbóná, ó sì tún ru jáde. Ó ju mílíọ̀nù kan lítà lọ lójúmọ́. Ọmọ tí ó bá rí i bí èéfín ti ń rú lórí omi náà kò ní gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí.

Èkejì, ìrìn-àjò ń jẹ́ kí a mọ bí àwọn ẹlòmíràn ti gbé ayé. Ó lé ní 1,900 ọdún tí àwọn ará Róòmù ti kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé òrìṣà sí ìdí omi náà. Ẹni tí wọ́n bá jà lólè yóò kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sára òjé pẹlẹbẹ, yóò sì jù ú sínú omi, kí òrìṣà Sulis Minerva lè bá a mú olè náà. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí nǹkan bí 130 irú òjé bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí olè kì í ti í dun olóhun?

Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ wa ní ìgbọràn. Àwọn ènìyàn máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún àwọn ará Róòmù yìí tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1978, ọmọbìnrin kan kó àrùn níbẹ̀, ó sì kú. Kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó fà á. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Omi tí wọ́n ti sọ di mímọ́ ni àwọn àlejò ń wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ mìíràn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2006. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ má fọwọ́ kan omi, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ń ṣahun.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ń ta ko ìrìn-àjò yìí. Ẹgbẹ́ tí ó bá kàn lọ ra ìpápánu, tí ó ya fọ́tò, tí ó sì padà, ti fi owó òbí ṣòfò. Ṣùgbọ́n àìmúrasílẹ̀ ló fà á, kì í ṣe pé ọjọ́ kúrú. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá mú ìbéèrè kan dání láti ilé, ọjọ́ kan tó. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Nítorí náà, bí olùkọ́ yín bá kéde ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ sí ibi tí kò jìnnà, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè oúnjẹ tí ẹ ó gbé dání. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: "Kí ni a fẹ́ lọ mọ̀?"