Ẹ Má Fi Ògún Bojú



Bí katapílà bá tẹ ọmọ ènìyàn pa níbi iṣẹ́ ìkọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń sọ: "Ògún ló gbà á. Bí orí rẹ̀ ṣe yàn án nìyẹn." Wọn a ra ajá, wọn a ra epo, wọn a bọ Ògún. Lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

A kò bá ẹni tó ń bọ Ògún jà. Ìbéèrè wa ni pé: ṣé Ògún ló ní kí ọkọ̀ tó ń kó yanrìn máa fi ẹ̀yìn rìn láìsí ẹni tó ń júwe fún un? Awakọ̀ jókòó sókè, kò lè rí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ṣa òkúta. Dígí kò fi í hàn án. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá dúró níbi tí awakọ̀ ti ń rí i, tó ń fi ọwọ́ júwe, lè gba ẹ̀mí là. Owó ọ̀yà ẹni yẹn ni ọ̀gá kò fẹ́ san.

Ẹ̀rọ tó ń walẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ irin rẹ̀ ni gbogbo wa ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n bó bá yí, ìdí rẹ̀ náà á yí, á sì fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ ògiri. Okùn tí a bá ta yí i ká kò wọ́n. Bí ẹ̀rọ wúwo bá sún mọ́ etí kòtò ìpìlẹ̀, ilẹ̀ á ya lu ẹni tó wà nínú rẹ̀. Yanrìn tó ga ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Ta ló lè mí lábẹ́ rẹ̀?

Ti owó ló tún burú jù. Ní ilẹ̀ Benin, ọ̀gá ló yẹ kó fi orúkọ òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CNSS. Owó tí wọ́n ń dá fún ìjàǹbá ibi iṣẹ́, ọ̀gá nìkan ló ń san án: fránkì 1 sí 4 lórí 100 fránkì owó ọ̀yà. Wọn kì í yọ ọ́ nínú ti òṣìṣẹ́ rárá. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn ọmọ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ ní Kútọnù ni orúkọ wọn wà nínú ìwé? Bí ẹsẹ̀ bá kán, wọn a ki owó díẹ̀ bọ̀ ọ́ lápò, wọn a ní kó padà sí abúlé lọ bá ẹni tó ń to eegun. Ìyàwó rẹ̀ á wá máa ru igi tà.

Lọ́jọ́ Ajé, kí a tó mú ṣọ́bìrì, kí a bi ọ̀gá: nọ́ńbà CNSS mi dà? Ta ló ń júwe fún ọkọ̀ lónìí? Bí ẹnì kan bá dá a béèrè, wọn a lé e. Kí gbogbo wa béèrè lẹ́ẹ̀kan náà.